Bí ẹ ṣe lè ṣe oúnjẹ ketogenic fún ọmọ tó ní wárápá tí kò fi ní dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí ń béèrè: "Wọ́n ní oúnjẹ ketogenic lè dín gìrì ọmọ wa kù, ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ máa ṣe é lójoojúmọ́?" Òbí tí dókítà ti bá jíròrò oúnjẹ náà ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí nǹkan kò sì lọ déédéé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbà ni pé oògùn ni oúnjẹ yìí. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èròjà amúaradàgbà mọ níwọ̀n, èròjà afáralókun, ìyẹn súgà àti sítáàṣì, sì kéré gan-an, débi pé ẹ̀dọ̀ ọmọ yóò máa sọ ọ̀rá di ketone, tí ọpọlọ yóò sì máa lo ketone náà dípò súgà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àwọn dókítà sábà máa ń fi dán an wò. Bí ìwọ̀n oúnjẹ bá ń yẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín oṣù mẹ́ta náà, kò sẹ́ni tó máa lè sọ bóyá oúnjẹ náà ni kò bá ọmọ mu, àbí ilé ni kò ṣe é bó ṣe yẹ. Torí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe wà.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe dá a bẹ̀rẹ̀ nílé láìsí dókítà tó mọ̀ nípa wárápá àti onímọ̀ oúnjẹ tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Oúnjẹ "kẹ́tò" tí àwọn àgbàlagbà fi ń dín sísanra kù kò ní ìwọ̀n tí ọmọdé nílò láti fi dàgbà, ẹ má sì ṣe wo àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fún ọmọ.

## Ṣé ọmọ yín wà lára àwọn tó yẹ?

Àwọn dókítà sábà máa ń dá a lábàá nígbà tí oògùn wárápá méjì tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, tí ọmọ sì lò ní ìwọ̀n tó tọ́, kò bá dá gìrì dúró. Àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ yìí gan-an ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ wọn, bíi àìtó GLUT1, níbi tí súgà kì í ti í ráyè wọ inú ọpọlọ dáadáa, àti àìtó pyruvate dehydrogenase, èròjà tí ara fi ń sọ súgà di agbára. Ó tún máa ń ṣe dáadáa fún gìrì àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní infantile spasms, fún àìsàn Dravet àti àìsàn Doose, tí wọ́n jẹ́ irú wárápá ọmọdé méjì, àti fún wárápá tó bá tuberous sclerosis wá, ìyẹn àìsàn àbímọ́ tó ń mú kí kókó hù nínú ọpọlọ àti ara.

Ẹ má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílùú London pẹ̀lú ọmọ 145, tó jáde lọ́dún 2008, ọmọ 38 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó jẹ oúnjẹ náà ni gìrì wọn fi ju ìdajì lọ dín kù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lára àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ọmọ, gìrì kì í sì í sábà lọ pátápátá. Oògùn ọmọ yóò ṣì máa bá a lọ títí dókítà yóò fi sọ ohun mìíràn.

Àwọn ọmọ kan wà tí oúnjẹ yìí lè pa. Àwọn ni ọmọ tí ara wọn kò lè jó ọ̀rá tàbí tí kò lè fara da oúnjẹ yìí: ẹni tí carnitine, èròjà tó ń gbé ọ̀rá lọ síbi tí ara ti ń jó o, kò tó lára rẹ̀ láti ìgbà ìbí, ẹni tó ní àbùkù nínú bí ara ṣe ń sọ ọ̀rá di agbára, ẹni tó ní àìtó pyruvate carboxylase, èròjà tí ara fi ń ṣe súgà fúnra rẹ̀, àti ẹni tó ní porphyria, àìsàn kan tó ń kan bí ara ṣe ń ṣe èròjà ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìsí àyẹ̀wò, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé:

- Èsì àyẹ̀wò tó fi hàn pé ara ọmọ lè lo ọ̀rá, àti àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀.
- Ìwé tí ẹ ti ń kọ gìrì ọmọ sí fún nǹkan bí oṣù kan: ọjọ́, aago, irú gìrì, bó ṣe pẹ́ tó. Láìsí ìwé yìí, kò sí ohun tí a ó fi wé èsì.
- Orúkọ gbogbo oògùn ọmọ, pẹ̀lú irú tó jẹ́, olómi tàbí oníhóró.
- Òṣùwọ̀n oúnjẹ tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù.
- Nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ lè pè lóru.

## Irú wo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀?

Ilé ìwòsàn ni yóò yàn án pẹ̀lú yín. Irú àtijọ́, tó ní ìdíwọ̀n 4 sí 1 tàbí 3 sí 1 (ìyẹn ọ̀rá 4 g tàbí 3 g sí 1 g amúaradàgbà àti afáralókun lápapọ̀), ló le jù lọ, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tó ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà tí wọ́n fi sínú ikùn. Irú kejì ń lo òróró MCT, tó ń mú ketone púpọ̀ wá, nítorí náà ó fàyè gba afáralókun díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń run ọmọ nínú bí ẹ bá yára fi kún un. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ sábà máa ń fara da irú Atkins tí wọ́n tún ṣe, níbi tí a ti ń ka afáralókun nìkan, nǹkan bí 10 sí 20 g lóòjọ́. Èyí tó rọrùn jù ni irú tó gba 40 sí 60 g afáralókun tí kì í tètè gbé súgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ní tèmi o, bí ilé bá kún fún iṣẹ́, tí ọmọ sì ti tó yan oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó sàn kí ẹ ṣe irú tó rọrùn dáadáa ju kí ẹ ṣe irú tó le ní ìlàjì.

## Ìṣirò tó yẹ kó yé yín

Onímọ̀ oúnjẹ ni yóò ṣe ìṣirò, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń lọ kí ẹ lè rí ìdí tí òróró tó kù sínú abọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ kálórì 1,000 lóòjọ́ ní ìdíwọ̀n 4 sí 1.

1. Gíráàmù ọ̀rá kan ń mú kálórì 9 wá; gíráàmù amúaradàgbà tàbí afáralókun kan ń mú 4 wá.
2. Ọ̀rá 4 g pẹ̀lú 1 g ti àwọn méjì yòókù jẹ́ kálórì 36 àti 4, àpapọ̀ 40.
3. Ẹ fi 40 pín 1,000, ẹ óò rí 25. Ìyẹn ni pé ọ̀rá 100 g, àti 25 g fún amúaradàgbà àti afáralókun lápapọ̀.
4. Bí ọmọ bá nílò amúaradàgbà 17 g kó lè dàgbà, 8 g péré ló kù fún afáralókun látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ wo 8 g yẹn dáadáa. Oògùn ikọ́ olómi aládùn lè ní súgà 3 g nínú 5 mL. Bí ọmọ bá mu 5 mL lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó ti jẹ ju afáralókun gbogbo ọjọ́ náà lọ láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ní ìdíwọ̀n 3 sí 1, 31 ni ẹ óò fi pín in, àpapọ̀ náà yóò sì fẹ̀ di nǹkan bí 32 g. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ti orí 4 bọ́ sórí 3 nígbà tí oúnjẹ bá ti sú ọmọ.

## Bí ẹ ó ṣe máa wọn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ gbé abọ́ sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tẹ bọ́tìnì kó padà sí 0.
2. Ẹ wọn ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Ẹ ti béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ìwọ̀n tútù ni wọ́n kọ sínú ìwé àbí ìwọ̀n sísè, nítorí ẹran máa ń sọ omi nù lórí iná, tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì yí padà.
3. Ẹ wọn ẹ̀fọ́ tàbí èso tí wọ́n kọ síbẹ̀.
4. Ẹ wọn òróró, bọ́tà tàbí kírímù wàrà kẹ́yìn, kí ẹ sì pò ó mọ́ oúnjẹ, kó má baà ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ abọ́.
5. Ẹ jókòó ti ọmọ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi ṣíbí rọ́bà pẹlẹbẹ ha ara abọ́, kí ẹ sì fi èyí tó kù yẹn sí i lẹ́nu: ọ̀rá ló máa ń lẹ̀ mọ́ abọ́, ọ̀rá náà sì ni oògùn.
6. Ẹ kọ ohun tó jẹ àti ohun tó kù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí:

- Fífi ṣíbí díwọ̀n. Ṣíbí méjì kì í gba ohun kan náà, ọwọ́ méjì kì í sì í bu ohun kan náà.
- Fífi bọ́tà rọ́pò òróró ní gíráàmù sí gíráàmù. Òróró 10 g jẹ́ ọ̀rá látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tà 10 g kò ní ju ọ̀rá 8 g lọ, nítorí omi wà nínú rẹ̀.
- Fífi èyí tó kù lọ́sàn-án kún ti alẹ́. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdíwọ̀n tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá jẹ ẹ́ tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tó kàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́.
- Dídín omi mímu kù. Omi lásán kò ní afáralókun. Omi tó pọ̀ tó ń dáàbò bo kíndìnrín, ó sì ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀.

## Súgà tó fara pamọ́

Bí ketone ọmọ bá já wálẹ̀ lójijì tí oúnjẹ kò sì yí padà, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Oògùn ló sábà máa ń jẹ́. Oògùn olómi, oògùn tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi súwíìtì, fítámì àwọn ọmọdé àti oògùn ibà, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń mú dùn kí ọmọdé lè gbà á. Ẹ ní kí dókítà tàbí apòògùn fi oníhóró tàbí irú tí kò ní súgà rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pààrọ̀ oògùn wárápá fúnra yín, ẹ má sì fọ́ oníhóró kankan kí ẹ tó béèrè, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n láti máa tú nínú ara.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ wo ara páálí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ "kò ní súgà" kò túmọ̀ sí pé kò ní afáralókun. Sorbitol, maltodextrin, dextrose àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ki, gbogbo wọn ni a ń kà. Ẹ máa ka gbogbo páálí lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá ra tuntun, nítorí ilé iṣẹ́ lè yí èròjà padà láìyí àwọ̀ páálí. Ọṣẹ ìfọyín ọmọdé kékeré tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tu ú jáde náà yẹ ní wíwò. Àwọn kan tún ń ṣàníyàn nípa ìpara ara. Ní tèmi, ẹ yanjú ti oògùn àti ti ilé ìwé ná kí ẹ tó kan ìyẹn.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Àwọn ilé ìwòsàn kan ń gba ọmọ sílé ìwòsàn, àwọn mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ nílé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó. Kò pọn dandan kí ọmọ gbààwẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nítorí rẹ̀.

Àárẹ̀, èébì àti kíkọ oúnjẹ wọ́pọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Èkíní ni súgà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ jù: ọmọ yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, yóò sì rẹ̀ ẹ́ débi tí kò fi ní fẹ́ dáhùn. Èkejì ni ketone tó pọ̀ jù: yóò máa mí kíákíá, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, yóò máa kanra, yóò sì máa bì. Ilé ìwòsàn yóò ti kọ ohun tí ẹ ó fún un sílẹ̀ fún yín, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 30 mL omi èso, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ife kíkún. Bí kò bá lè gbé e mì tàbí tó ń sùn lọ, ẹ má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fẹ́ kí ketone inú ẹ̀jẹ̀ wà láàárín 2 sí 5 mmol/L. Bébà ìtọ̀ kò náni tó bẹ́ẹ̀, kò sì gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omi tí ọmọ mu lè tàn án jẹ. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń lò, wákàtí kan náà ni kí ẹ máa wò ó, torí ketone àárọ̀ sábà máa ń kéré sí ti ìrọ̀lẹ́.

## Nígbà tí ọmọ bá kọ̀ láti jẹ ẹ́

Ìṣòro yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé dúró. Kí ẹ tó sọ pé ọmọ ya olórí kunkun, ẹ wò ó bóyá ketone rẹ̀ ti pọ̀ jù, nítorí ketone fúnra rẹ̀ ń pa ebi, tàbí bóyá inú rẹ̀ ti le. Lẹ́yìn náà:

- Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ lójú: abọ́ kékeré, kí oúnjẹ sì kún un. Oúnjẹ ketogenic kéré lójú, ọmọ tó bá rí i nínú abọ́ ńlá yóò rò pé wọ́n fi ìyà jẹ òun.
- Ẹ pa ọ̀rá mọ́ sínú ọbẹ̀ tàbí ẹyin pípò dípò kí ẹ fún un ní òróró nínú ṣíbí.
- Ẹ jẹ́ kó yàn láàárín oúnjẹ méjì tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀.
- Ẹ béèrè bóyá ìdíwọ̀n lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi oúnjẹ mìíràn bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ẹkún ń mú búrẹ́dì wá yóò máa sunkún.

## Àwọn tó yí ọmọ ká

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè wà níbi gbogbo. Màmá àgbà á mú bísíkíìtì kan jáde nínú àpò: "Ẹ̀yin kò rí i pé ọmọ yìí ti gbẹ ni? Ẹyọ kan ṣoṣo kò lè ṣe é ní nǹkan kan." Ìfẹ́ ni, ẹ má sì bá wọn jà. Ẹ pè wọ́n síbi òṣùwọ̀n, kí ẹ wọn oúnjẹ lójú wọn, kí ẹ sì fi ìwé gìrì hàn wọ́n. "Màmá, ẹ wò ó, oògùn rẹ̀ nìyí, bísíkíìtì yẹn ń ba oògùn jẹ́ ni." Ẹni tó bá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń di alábòójútó. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n máa fún un ní ìpápánu tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀.

Fún ilé ìwé, ìwé kan ṣoṣo tó:

- Ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun àyàfi ohun tó ti ilé wá, títí kan súwíìtì ẹ̀bùn àti oúnjẹ ọjọ́ ìbí.
- Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ohun tó bá kù padà sílé nínú abọ́ rẹ̀.
- Àmì ketone tó pọ̀ jù àti súgà tó lọ sílẹ̀, àti ẹni tí ẹ ó pè.
- Ohun tí ẹ ó ṣe bí gìrì bá mú un.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà ń jìyà rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò yẹ kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ ketogenic, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n máa jẹ súwíìtì lójú rẹ̀.

## Ìgbà àìsàn àti ilé ìwòsàn mìíràn

1. Ẹ má dá oògùn wárápá dúró. Bí ọmọ bá bì í jáde, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó tún un fún un.
2. Ẹ máa fún un ní omi tí kò ní súgà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè ní kí ẹ dín ọ̀rá kù fún ọjọ́ kan tàbí méjì.
3. Ẹ máa yẹ ketone àti súgà ẹ̀jẹ̀ wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
4. Ẹ mú lẹ́tà dókítà yín dání lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé dírípù tí kò ní glucose ni kí wọ́n fà sí ọmọ lára, àyàfi bí súgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní tòótọ́, àti pé kí wọ́n yẹra fún propofol, oògùn akunnilóorun kan tó ti fa jàǹbá fún ẹni tó wà lórí oúnjẹ yìí.

Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5 jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, oúnjẹ ketogenic kò yí ìyẹn padà. Ẹ lo oògùn pàjáwìrì tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

## Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ bí oṣù ti ń gorí oṣù

Ìgbẹ́ líle ló wọ́pọ̀ jù. Omi, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fàyè gbà àti oògùn tí kò ní súgà sábà máa ń yanjú rẹ̀. Òkúta inú kíndìnrín máa ń ṣe àwọn ọmọ kan, ewu rẹ̀ sì lè pọ̀ sí i fún ọmọ tó ń lo topiramate, zonisamide tàbí acetazolamide. Ẹ béèrè nípa potassium citrate, oògùn tó ń dènà òkúta náà, ẹ sì tètè sọ bí ìtọ̀ bá pọ́n tàbí bí ìhà bá ń dùn ún. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, egungun lè rọ, ọmọ sì lè má ga bó ṣe yẹ.

Fítámì, kálísíọ̀mù, fítámì D àti àwọn èròjà kéékèèké bíi selenium kì í ṣe àfikún tí a lè fi sílẹ̀. Oúnjẹ náà kò ní wọn tó, àìtó selenium sì lè ba iṣan ọkàn jẹ́. Irú tí kò ní súgà ni kí ẹ gbà. Ní ọdún àkọ́kọ́, àyẹ̀wò sábà máa ń wà lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ti ọmọ ọwọ́ máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé

Ẹ gbé ìwé gìrì ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí ka iwájú dókítà. Ẹ sọ òtítọ́ nípa iye ọjọ́ tí ìwọ̀n yẹ̀, kódà bó bá tì yín lójú, torí èsì tí kì í ṣe òótọ́ lè mú kí wọ́n fi oògùn mìíràn kún un láìnídìí. Ẹ má gbàgbé àwọn ohun tí kì í ṣe iye gìrì: ṣé gìrì ti kúrú sí i, ṣé ọmọ ti ń jí pépé, ṣé ó ti ń ṣeré?

Bí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá, ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ó ṣe dáwọ́ dúró. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wà lórí rẹ̀, ti àwọn tó ní àìtó GLUT1 sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kì í jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì. Wọn a máa sọ ìdíwọ̀n kalẹ̀ láti 4 sí 3, láti 3 sí 2, láàárín oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó dá afáralókun padà díẹ̀díẹ̀. Bí gìrì bá padà wá lójú ọ̀nà, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ padà sí ìdíwọ̀n tó ṣáájú, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí di ìpàdé tó kàn.